Gbèsè Pulọ́ọ̀gì

Ọjọ́ kẹta ìdìbò, tàdáwà kò tíì ṣí lórí àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni,
wọ́n ti dáná sun táyà ní ìkóríta Ayétòrò.
Èéfín náà gba orí ọ̀sà lọ,
ó bá wa nínú ọkọ̀, èmi àti bàbá mi,
ó wọ ara ẹja tí a kò tíì pa.

Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló wọlé.
Àwọ̀ ẹgbẹ́ náà ló fi kùn imú ọkọ̀ wa,
ọ̀dà tó ṣẹ́kù, ó fi kùn ilẹ̀kùn ṣáláńgá.
Ìyá mi ní, "Nójìmù, ta ló ń dìbò ní ṣáláńgá?"
Kò dá a lóhùn. Ó ní kí n tukọ̀.

Lẹ́bàá ọjà Olúwo ni ṣọ́ọ̀bù Obiọra wà,
Obiọra tó gbọ́ Yorùbá Èpẹ́ ju àbúrò mi tó ń gbé Ìkẹjà lọ,
tó máa ń gbé etí lé ẹ́ńjìnnì
bí ẹni ń gbọ́ àyà ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí,
a ní, "Ikọ́ gbígbẹ ni. Ẹ gbé e wá lọ́la."
Owó pulọ́ọ̀gì méjì wà lọ́rùn bàbá mi láti ìgbà ààwẹ̀.
Obiọra kò sin owó náà rí.

Wọ́n ní kò dìbò fún tiwa.
Wọ́n ní gbogbo wọn ni.
Ta ni ń jẹ́ wọ́n? Mo mọ̀ wọ́n lórúkọ:
Mùkáílà, Sáfíù tí mo kọ́ ní a-b-d,
àti ọmọ kan láti Pópó-Ọba
tí kò tíì tó ẹni tí í gba káàdì ìdìbò.
Òkò lòun fi di tirẹ̀.

Bàbá mi dúró lódìkejì títì.
Kò sọ òkò.
Kò sì sọ̀rọ̀.
Ẹ jẹ́ kí n wí i bó ṣe rí, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ọmọ rẹ̀:
ó ki ọwọ́ bọ àpò,
àti àtàǹpàkò, àti tàdáwà.

Ọjọ́ kejìdínlógún, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wa lọ́wọ́
bí a ti ń ti Ẹ̀jìnrìn bọ̀.
Ó fa okùn rẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó.
Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.
Àjẹ̀ la fi wa ọkọ̀ délé.
Èpìyà agbọ̀n mẹ́ta rà sínú oòrùn.
Kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Ó gbé ẹ́ńjìnnì lé èjìká lọ sí ṣọ́ọ̀bù,
bí ẹni tó gbàgbé pé ṣọ́ọ̀bù ti tán.
Páànù ká jọ bí ewé gbígbẹ.
Ògiri nìkan ló dúró,
ṣọ́ọ̀kì tí Obiọra fi kọ orúkọ àwọn ajigbèsè kò parẹ́:
*Bàbá Mùíná. Pulọ́ọ̀gì 2.*
Èmi ni Mùíná.

Nígbà tí ìbò káńsù dé,
ìlà tó gùn dé mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ sí
kò ju ènìyàn mọ́kànlá lọ, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan.
Ọmọkùnrin kan na sùpàgẹ́tì sí bàbá mi.
"Gbé e lọ fún ìyá rẹ," ni bàbá mi wí,
"ẹ́ńjìnnì mi kì í jẹ ẹ́."
Ó wọ ẹ̀yìn páálí, ó pẹ́ níbẹ̀.
Ohun tó tẹ̀, n kò mọ̀. Kò sọ ọ́ fún ìyá mi pàápàá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ọ̀bẹ ìpẹ́,
ó ń ha imú ọkọ̀ wa títí igi fi yọ.
Ilẹ̀kùn ṣáláńgá nìkan ló ṣì ń ṣẹgbẹ́.
Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun tẹ nọ́ńbà Obiọra.
Ó dún, ó dún, ó já.
Ó ní kí n tún un tẹ̀.