Bàtà Duri

Oṣù Karùn-ún ni bàtà náà dé láti Scuol,
yìnyín ò tíì tán lórí òkè.
Awọ rẹ̀ le koko bí ojú olówó-èlé.
Duri wọ̀ ọ́, ó yí ilé ìdáná po lẹ́ẹ̀kan:
kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀.
Ológbò sá wọ abẹ́ àga.

Ursina, àbúrò ìyá rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.
"Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni kó o wọ̀ sí i. Máa fi lọ gba wàrà láàárọ̀,
máa fi gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, máa fi sọ̀ ọ́.
Bàtà tó ń pariwo kò gbọdọ̀ dé orí òkè."

Oṣù Kẹfà, gìgísẹ̀ léròrò.
Oṣù Keje, ó bẹ́, ó jinná, ó tún lé.
Lálaalẹ́ ló ń fi àtàǹpàkò ra ìda oyin sójú rírán.
Bí òjò bá pa á, ìwé ìròyìn ni yóò kì sí i nínú;
kò jẹ́ gbé e sún mọ́ ààrò:
awọ tútù tó bá lọ yáná, lílà ló ń là.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lójú ọ̀nà wàrà,
ó ṣàdédé gbọ́ odò.
Àṣé bàtà ti dákẹ́.

Oṣù Kẹsàn-án, lókè níbi tí igi kì í hù mọ́,
ewúrẹ́ àpáta kan ń jẹko, ó kẹ̀yìn sí i.
Duri ń rìn. Òkúta ò mira. Bàtà ò fọhùn.
Ó ku díẹ̀ báyìí,
ni ikùn rẹ̀ bá kùn.

Ó wọlé nírọ̀lẹ́ lọ́wọ́ òfo.
Ursina ò bèèrè ẹran.
Ó fa àga, ó ní:
"Bọ́ ọ. Jẹ́ n wo gìgísẹ̀ ẹ."