Ẹ̀rọ Tó Ń Pè Mí Ní Ṣówùnmí

Ìwé mẹ́ta ni mo fọwọ́ sí kí wọ́n tó gbé e fún mi.
Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà olùtọ́jú ẹrù kà á sí mi létí
bí ìyá ìyàwó ṣe ń ka ẹrù ọmọ rẹ̀:
kọ̀ǹpútà àgbélétan kan, wáyà kan,
àpò kan tí síìpù rẹ̀ ti já.
"Ti ìjọba ni o. Bó bá fọ́, owó oṣù rẹ ló máa sọ̀rọ̀."
Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí i lẹ́yìn,
bí a ṣe ń sàmì sí àgùntàn tó ń jẹ̀ káàkiri Òkè-Mọsàn.

Mo tàn án. Ó kùn bí ẹni tí a jí lójú oorun ọ̀sán,
ó ní: Káàbọ̀, Ṣówùnmí.

Èmi kì í ṣe Ṣówùnmí.
Mosúnmọ́lá Ògúnfowórà ni mí, ọmọ Ìtòkò.
Múyìbí atúnrọṣe tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún,
ó họ irùngbọ̀n, ó ní ẹni tó mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀
ti fẹ̀yìn tì, ó sì mú un dání lọ.
"Àǹtí, ẹ ṣáà máa jẹ́ ẹ."
Mo sì ń jẹ́ ẹ. Ọdún méjì,
aago mẹ́jọ òwúrọ̀, kí iná tó lọ.

Mo ti mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀ ṣá.
Ojú A ti pá, ìka rẹ̀ ló jẹ ẹ́.
Èérún gúgúrú wà lábẹ́ bọ́tìnnì.
Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí kò kọ parí:
"Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, mo fẹ́ fi àsìkò yìí"
ó tán síbẹ̀. Bóyá iná lọ. Bóyá ẹ̀rù bà á.

Ọjọ́bọ̀ kan, ooru mú,
àwọn tó ti fẹ̀yìn tì wá fara hàn pé àwọn ṣì wà láàyè.
Ó kan ìyá kan tó wọ bàtà rọ́bà,
tó di káàdì rẹ̀ sínú ọ̀rá.
"Ṣówùnmí," ló wí.
Ọwọ́ mi dúró.
Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Mo tún un tẹ̀. Kò sí.
Ẹ̀rọ tó kí i láàárọ̀ yẹn gan-an
wo ojú rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Ìyá na ọrùn kọjá tábìlì, ó rí A tó pá.
Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ewúrẹ́ rẹ̀ ní àgbàlá ẹlòmíràn.
"Hẹ̀n, ìwọ ni wọ́n gbé e fún.
Bí ooru bá mú, N rẹ̀ kì í dáhùn.
Àtàǹpàkò ni kí o fi tẹ̀ ẹ́, kí o sì dúró."
Mo wo ohun tí mo kọ: Sowumi.
Láti ọjọ́ yìí, ọwọ́ ara mi ni mo ń bú.

Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, mo dúró. Ó jáde:
orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́,
owó oṣù mẹ́rìnlá tí wọn kò tíì san.
N kò mọ bí a ṣe ń ka irú ìyẹn sókè.
Mo yí ojú ẹ̀rọ sí i.
Ó kà á títí. Kò fọhùn.
Ó fi etí ìró nu eruku ojú rẹ̀,
ojú ẹ̀rọ o, kì í ṣe ojú tirẹ̀.

Mo fẹ́ bi í léèrè lẹ́tà náà,
ṣùgbọ́n baba tó tẹ̀lé e ti ń wúkọ́ lórí ìlà.
Ó gba káàdì, ó lọ wọ ọkọ̀ Adátán.

Lọ́jọ́ kejì: Káàbọ̀, Ṣówùnmí.
Mo ní, ẹ káàárọ̀, mà.
Mo ṣí lẹ́tà náà, mo lọ sí ibi tó ti tán.
Ooru ti ń mú.
Mo fi àtàǹpàkò lé N,
mo ń dúró.