Fáìlì Tí Fóònù Mi Kò Mọ̀

Ọmọ àbúrò mi fi í ránṣẹ́ láti Ìbàdàn
ní alẹ́ ọjọ́ tí iná kò sí ní gbogbo Òkè-Àró:
fáìlì kan ṣoṣo, "ìwé-bàbá" ni wọ́n pè é,
àmì ìdánudúró tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ m, lẹ́yìn rẹ̀ d.
Mo ní, àbí Akínrìnlọ̀ ti di dókítà lẹ́yìn ikú ni?

Mo tẹ̀ ẹ́. Fóònù ní òun kò mọ ohun tí òun yóò fi ṣí i.
Mo tún un tẹ̀, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó jáde.
Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba,
ọmọkùnrin tó yí fìlà sẹ́yìn ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà,
ó ní iṣẹ́ àwọn tó mọ kóòdù nìyẹn, kì í ṣe ti ìyá àgbà.
Mo wò ó.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní A, B, D,
mi ò tíì rí ìwé tó ń gba owó ìwọlé.
Mo gba ilé lọ.

Mofẹ́yìntolú, ọmọ ayálégbé mi, ń fọṣọ ní ẹ̀yìnkùlé.
Ó nu ọwọ́ ọṣẹ sára ìró, ó gba fóònù.
"Mọ́mì, ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú ẹ̀.
Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má tíì gbọ́wọ́ kúrò.
Ó ń bi yín pé kí ni kí òun fi ṣí i:
ẹ mú ibi tí ẹ ń kọ iye ẹ̀wà àti epo sí."
Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo èpò!
Àmì bí irin ojú fèrèsé níwájú ọ̀rọ̀,
ìràwọ̀ méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún,
ìlà kúkúrú tó ń tò lọ bí èèrà.
Mofẹ́ ní irin fèrèsé kan, àkọlé ńlá ni;
bó bá di méjì, ọmọ àkọlé ni;
ọ̀rọ̀ tí ìràwọ̀ bá gbé sáàrin, kí ẹnu tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fi pankẹ́rẹ́ kọ́ ọmọ Àkúrẹ́
pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀!
Àmì kì í ṣe ohùn.
Àmì ń júwe ibi tí ohùn yóò gbà.

Mo kà á fúnra mi, láìwo ẹnu ẹnikẹ́ni.
Irin kan: Oko Òwénà.
Irin méjì: Igi kòkó.
Ìlà kúkúrú: ti ìsàlẹ̀ odò, ọgọ́rùn-ún igi.
Ìlà kúkúrú, ìràwọ̀ méjì: ẹ má ta ti ẹ̀bá ọ̀nà.

Mofẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó rẹwà hàn yín."
Ó tẹ nǹkan kan. Èpò pòórá.
Àkọlé sanra, ó dúró bí bàbá ìjọ lọ́jọ́ ìkórè.
Gbogbo rẹ̀ mọ́ bí ìwé ìpè ìyàwó.
Mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo ní, "Ìlà kan ti lọ."
Ó ní kò sí ohun tó lọ.
Mo ní olùkọ́ ni mí,
mo máa ń mọ̀ bí ẹnì kan kò bá sí ní kíláàsì.

A padà sínú èpò. Òun nìyẹn láàrin ọfà méjì,
níbi tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí
kó má bàa bá àwọn yòókù jáde:
"Àpò kòkó méjì tó sọnù lọ́dún tí afárá wó,
Làmídì kọ́. Èmi ni.
Kí ẹ̀gbọ́n mi má gbọ́."

Làmídì.
Ẹrù lórí, rédíò tí kò ní bátìrì lábẹ́ apá,
òjò.
Èmi ni mo ní kó lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mofẹ́ gbọn ìfófòó ọṣẹ kúrò lọ́wọ́.
"Mọ́mì, ṣé kí n bá yín tẹ̀ ẹ́ sórí pépà?
Èyí tó rẹwà ni, àbí eléyìí?"
Mo ní eléèpò. Mo ní ẹ̀dà méjì.
Mo ní, ta ló kù ní Òwénà
tó ṣì mọ ọ̀nà ilé Làmídì?