Inú Wa Ì Bá Dùn

Orí àpáta ni Bàbá wà, ó ń fi ẹsẹ̀ yí kọfí,
nígbà tí ọmọ pósítọ́fíìsì gun òkè Ògìdì dé láti Kàbà.
Ìwé kan ṣoṣo, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.
Ìwé mẹ́fà ni mo wà. Èmi ni wọ́n pè.

Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀, bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà nínú iyanrìn,
mo rí ọ̀kan: diláítẹ́ẹ̀dì.
Tíṣà Mejàbí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sí pátákó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Ó ní ó ju inú dídùn lọ,
inú dídùn tó kún dé ọrùn, tó wá ń dà lẹ́nu.
Ó ní ọbẹ̀ kì í jẹ́ ẹ, àfi ẹni tó jẹ ọbẹ̀.

"Bàbá, inú wọn dùn. Ó dùn dé ọrùn.
Wọn á ra kọfí wa."

Àkùkọ pupa tó ń jí wa kò rí alẹ́ ọjọ́ náà.
Ìyá Bójúwoyè gbé iyán wá láti ìsàlẹ̀ àpáta.
Bàbá fi ẹnu ra páànù, ó fi ẹnu ra kẹ̀kẹ́,
ẹnu náà ló fi rán mi lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì.

Láàárọ̀, Tíṣà yà, ó ní "Òkun o,"
ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.
Ó fi èékánná fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta
tí mo ti fò bí ẹni fo gọ́tà.
"Inú wa ì bá dùn, ni wọ́n wí.
Ì bá. Ṣùgbọ́n."

Mo dúró de ìgbájú.
Bàbá wo kọfí tó tẹ́ rẹrẹ,
ó wo ìyẹ́ pupa tí afẹ́fẹ́ ń gbá kiri.
"Ẹ bá mi bi àkùkọ léèrè," ó ní,
"ṣé ó kú ni, àbí ì bá kú?"

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé àpò,
ọwọ́ lé ikùn, omi lójú,
títí Tíṣà náà fi rẹ́rìn-ín,
tí awò ojú rẹ̀ já sínú kọfí,
tí gbogbo wa kúnlẹ̀ tí à ń wá a.

Èmi náà ti di tíṣà.
Bí wọ́n bá bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn,
"inú dídùn" ni mò ń kọ, nítorí ìdánwò.
Ṣùgbọ́n obìnrin kan ni mò ń rí,
lórí àpò kọfí tí ẹnikẹ́ni kò rà.