Àyàfi

Ojú ìwé kọkànlá ni, ìlà keje láti ìsàlẹ̀,
lẹ́tà tó kéré bí ẹyin iná orí.
Mo yọ gíláàsì mi, mo nù ún, mo tún fi sójú.
Ìyáàfin Odùbánjọ ti gbé àga sábẹ́ igi àgbálùmọ̀.
Múdà jókòó sórí garawa rẹ̀ tó dojú dé,
ó na ẹsẹ̀ tó wú síwájú bí ẹrù tí kò ní olówó.
"Tíṣà, ẹ bá wa túmọ̀ ẹ̀."
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ ọmọ Àyétòrò ní gírámà,
n ò tíì rí gbólóhùn tó gùn tó báyìí
tí kò sì fẹ́ dé ibì kankan.

Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ bí àlejò rere.
Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá fara pa nínú ọgbà yìí,
bí òrùlé já lù ú, bí ó yọ̀ ṣubú,
bí ẹran ọ̀sìn ṣe é léṣe,
àwa la ó san án.
Ìyáàfin mi orí. "Ṣé ẹ rí i?"
Ọdún mẹ́fà ló ti ń sanwó fún wọn, kò fi oṣù kan jẹ wọ́n.
Adójútòfò ni wọ́n ń pè é:
òfò ni ojú máa tì.

Mo ṣí ewé.
Àyàfi.

Ọ̀rọ̀ kékeré. Gbogbo wa la ń lò ó.
Mò ń bọ̀ lọ́la, àyàfi bí òjò bá rọ̀.
Ṣùgbọ́n àyàfi inú ìwé yìí ní eyín.

Àyàfi bí ajá náà bá ti gé ènìyàn jẹ rí.
Gbogbo wa wo ọ̀dọ̀ ajá.
Ẹ̀yinlẹmọ̀ ni wọ́n sọ ọ́, nígbà tí àwọn ará Pàpá
ń wí pé opó kì í dá kọ́lé.
Ó sùn sẹ́nu géètì, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́.
Kò gé ènìyàn jẹ rí, mo jẹ́rìí.
Ewúrẹ́ kan ṣá. Ìwé ò ka ewúrẹ́.
Àyàfi bí ó bá jẹ́ ìta géètì.
Inú ni. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára tánkì.
Àyàfi bí ẹni tó fara pa bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé náà.

Mo dákẹ́.
Atẹ́gùn ọ̀sà gbé ewé kan kúrò lórí itan mi,
kò gbé èyí tó yẹ kó gbé.

Múdà ló ń pọnmi kún tánkì yẹn,
ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti bàjẹ́.
Nígbà tó tọrọ owó oṣù, Ìyáàfin ní,
"O kì í ṣe òṣìṣẹ́ mi, o kàn ń bá mi pọnmi ni."
Nígbà tó tọrọ owó ọdún iléyà, ọ̀rọ̀ kan náà.
Ní báyìí tí eyín wọ ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀,
iléeṣẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti Èkó, òǹtẹ̀ pupa lára rẹ̀:
òṣìṣẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ pátápátá.
Ẹnu ajá ló gbà á síṣẹ́.

Àwọn àgbà ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ.
Ta ló wà lẹ́yìn ọ̀bọ?

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi márùn-ún ni. Ó ti gba mẹ́ta ní Jẹ́nẹ́rà,
owó ìyá rẹ̀ tó ń yan ẹja ló lọ sí i.
Ìyáàfin tú ìdí ìró, ó ka ẹgbẹ̀rún méje sílẹ̀,
kò wo ojú ẹnikẹ́ni.
"Ojú ń tì mí," ó ní.
Òfò nà gbalaja sáàárín wa, ojú ò tì í rárá.

Múdà tó ti dákẹ́ láti àárọ̀ wá bi mí, jẹ́jẹ́:
"Tíṣà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ni mí?"
Wọ́n kọ ọ́.
"Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀?"
Ó wà níbẹ̀.
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka oṣù tó wà nínú ọdún mẹ́rin."

Ìyáàfin dìde, ó gbọn ìró rẹ̀.
"Ẹ̀yin lẹ mọ̀," ó ní.
Ajá gbọ́ orúkọ rẹ̀.
Ó dìde lẹ́nu géètì, ó ń ju ìrù bọ̀ lọ́dọ̀ wa,
Múdà sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.