Ìlà Pupa

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi di bírò pupa mú
ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo.
Mo ti fi fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ṣìnà,
mo ti fi fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ò ṣìnà pàápàá,
lọ́jọ́ tí orí bá ń fọ́ mi.

N kò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ní bírò tirẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n fún kíláàsì wa.
Wọ́n ti lò ó gbó ní báńkì kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa;
lẹ́tà E rẹ̀ ti pa rẹ́, ìrántí la fi ń tẹ̀ ẹ́.
A gbé e sórí tábìlì tí búlọ́ọ̀kù jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan,
ọmọ mọ́kànlélógójì rọ̀gbà yí i ká
bí ẹni tó wá wo ìkókò ọjọ́ mẹ́ta.
Mo ní, "Kí kálukú wá tẹ orúkọ rẹ̀."

Ọ̀ṣúngbèmí ló kọ́kọ́ jókòó,
ìka rẹ̀ ṣì dúdú fún aró ìyá ìyá rẹ̀.
Ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà.
Ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó rẹ́rìn-ín.
Ìlà pupa kan yọ lábẹ́ rẹ̀, kọ́lọkọ̀lọ bí ekòló.

"Anti, ṣé mo ṣì í kọ ni?"
Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀:
àmì òkè wà, àmì ìsàlẹ̀ wà, kò lábùkù.
"O ò ṣì í kọ."
"Ṣé orúkọ mi ló wá ṣì?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Ẹkúndayọ̀ jókòó: ìlà pupa.
Ráfátù: ìlà pupa.
Ti Sàlámì, ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ kan wà tó jọ ọ́,
ẹran òyìnbó kan tí wọ́n ń gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sáàárín búrẹ́dì.
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Sàlámì ò bá wọn rín.
A tẹ Òṣogbo, bóyá ìlú á bọ́ níbi tí ọmọ ti há.
Òṣogbo Òròkí, ìlú aró,
òun náà wà lórí ìlà pupa,
bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn onílé mìíràn.

Mo rántí Fápohùndà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, lọ́jọ́ tó ti pẹ́,
tó kọ "ulé" bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é,
tí mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹkúndayọ̀, tó máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bùrọ́dà rẹ̀ n'Ígbọ̀nà,
na ìka: "Anti, kò kàn mọ̀ wá ni. A lè kọ́ ọ."
Ó tẹ ibì kan, ó tẹ ibòmíràn.
Ìlà abẹ́ Ọ̀ṣúngbèmí pòórá,
bí ìgbà tí wọ́n fi omi nu ojú ọmọ.

Ni wọ́n bá tò.
Olúkúlùkù ń kọ́ ẹ̀rọ ní orúkọ ara rẹ̀,
wọ́n ń pè é sí i bí ẹni pé ó létí.
Sàlámì pe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tagbára-tagbára.
Ọmọ kẹtàdínlógójì ló wà nídìí rẹ̀ tí iná fi lọ.
Bátìrì ò lè gbé e fún ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ ṣú.
Ó ku ọmọ mẹ́rin, ó ku Òṣogbo, ó ku èmi.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí agogo tó lù, mo ti débẹ̀.
Mo tẹ Ọ̀ṣúngbèmí. Mo dúró.
Abẹ́ rẹ̀ mọ́ funfun.
Mo wá tẹ "ulé".
Ìlà pupa yọ, mo sì mọ ọwọ́ tó fà á.
Mo kọ́ ọ.
Wọ́n ní Fápohùndà ń wa tírélà lọ sí Kánò báyìí,
n ò ní nọ́ńbà rẹ̀.
Àwọn ọmọ ti ń rọ́ wọlé; ẹni tí iná já kulẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ ló ṣíwájú,
ó ti na ìka kó tó sọ báàgì kalẹ̀.