Ìsọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣọ́

Ní etí ọ̀nà tó gòkè lọ sí Aizawl,
níbi tí ìkùukùu ti ń sùn títí oòrùn fi ń ka a mọ́lé,
ọparun mẹ́rin ni mo rì mọ́lẹ̀,
mo fi koríko bò ó, mo pè é ní ìsọ̀.
Elégédé mẹ́fà, atalẹ̀ ní òkìtì-òkìtì,
ìwé pélébé kan tó ń sọ iye owó,
àti agolo mílíìkì tí mo dá ihò sí lórí.
Mo bá gba oko lọ.
Báyìí la ti ń ṣe é lórí òkè tiwa:
ọjà ń ta ara rẹ̀,
ẹni tó rà á ni yóò fúnra rẹ̀ ka ṣéńjì.

Ìyá mi ló fi ìsọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní,
"Zami, ta ló ń ṣọ́ oòrùn?
Ta ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà òjò, tó ń gba owó ibodè?
Bí Ọlọ́run ṣe pàtẹ tirẹ̀ nìyẹn.
Ìwọ náà pàtẹ."
Mo gbọ́.
Ṣùgbọ́n ìgbà tí agolo ń kún ni mo gbọ́.

Nínú oṣù kẹwàá, agolo bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́.
Elégédé méjì lọ, owó ẹyọ kan ló wà ńbẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́ta lọ,
mo mi agolo, ó dún,
mo dà á sílẹ̀: bọ́tìnì ẹ̀wù.
Bọ́tìnì!
Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ti ń bu ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì ti Olúwa sọ́tọ̀
kí n tó gbé ìkòkò kaná,
ọwọ́ mi ò kún.
Mo mọ̀ pé kò kún.

Ní Ọjọ́bọ̀, mi ò lọ sóko.
Mo ba sẹ́yìn igbó ọparun pẹ̀lú àdá.
Kí ni mo fẹ́ fi àdá ṣe? Ẹ má bi mí.
Eṣúṣú lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mi ò mira.
Ta ni mo rí? Pu Hrangkima,
tó bá ọkọ mi du ààlà ilẹ̀ títí ọkọ mi fi kú.
Ó gbé elégédé kan, ó gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun,
ó wẹ̀yìn, ó já bọ́tìnì lápá ẹ̀wù,
ó sọ ọ́ sínú agolo
kí ẹni tó ń kọjá lè gbọ́ pé nǹkan dún.

Mo ti la ẹnu tán.
Ìgbà náà ni mo rí ẹ̀wù ọ̀hún:
kò ku bọ́tìnì kan, òtútù sì mú.
Mo tún rí ara mi, lóṣòó, pẹ̀lú àdá.
Ṣé báyìí ni Bàbá ṣe ń lúgọ dè mí?
Mélòó ni bọ́tìnì tí èmi ti sọ sínú agolo tirẹ̀
kí àwọn ará ìjọ lè gbọ́ ìró?

Ẹ bá gbọ́ pé mo sáré dì mọ́ ọn. Rárá o.
Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi lọ, tí eṣúṣú fi yó.
Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, mi ò kí i.

Ó di Ọjọ́rú kí n tó kọ ìwé mìíràn.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ya á,
torí ẹ̀gàn ń yọjú láàárín ọ̀rọ̀.
Ohun tó ṣẹ́kù ni: "Ẹni tí kò bá ní, kó mú."
Mo so bọ́tìnì márùn-ún mọ́ òwú,
tòun ti abẹ́rẹ́, lórí elégédé tó tóbi jù.

Nírọ̀lẹ́, elégédé ti lọ, bọ́tìnì ti lọ.
Abẹ́rẹ́ nìkan ló wà nínú agolo,
ó fi òwú tó ṣẹ́kù wé e, kó má baà gún mi lọ́wọ́.

Mo ṣì ń ka elégédé lálaalẹ́.
Ẹ bá mi gbàdúrà.